Òkúta Kúárì Kò Ní Igbà

Wọ́n ní obìnrin kì í gun ọ̀pẹ. Mo gbọ́. Òkúta ni mo gùn.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ wà nílẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń bá mi wíjọ́ nígbà náà ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹnu wọn ò sì tíì sinmi. Wọ́n ní àfojúdi ni mo fi ṣe é. Àfojúdi wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àfojúdi nìkan kì í gbé ènìyàn dúró lára òkúta. Ẹsẹ̀ ló ń gbé e dúró, mo sì mọ ẹni tí mo jogún ẹsẹ̀ tèmi lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọpẹ ni bàbá mi. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ igbà, okùn líle tí akọpẹ fi ń yí ara rẹ̀ àti igi ọ̀pẹ ká, tí yóò fẹ̀yìn tì, tí yóò sì máa jù sókè díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni igbà bàbá mi máa ń wà. Nínú ilé wa, obìnrin kì í fọwọ́ kàn án. Ìyá mi, tó jẹ́ pé gàrí tó ń dín ló ń bọ́ gbogbo wa nígbà tí ọ̀pẹ kò bá so, kì í fọwọ́ kàn án. Bí igbà bá bọ́ sílẹ̀ nígbà tí à ń gbálẹ̀, a ó dúró bí ẹni tó rí ejò títí ọkùnrin kan yóò fi wọlé wá gbé e. Lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹnìkan nílé, mo rékọjá lórí rẹ̀, mo dúró, mo tún rékọjá padà. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn àgbàlagbà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì ni bàbá mi ń kọ́ níṣẹ́, lára ọ̀pẹ kúkurú kan lẹ́yìn ilé. Èmi a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa ṣa ẹyìn, màá sì máa gbọ́. Ẹ̀kọ́ bàbá mi kò pọ̀. Á ní, "Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, fẹ̀yìn lé e. Ẹni tó bá dì mọ́ ọ̀pẹ ló ń já bọ́. Fẹ̀yìn lé igbà, kí ẹsẹ̀ ẹ lè rí igi tẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi àgbà dì mọ́ ọ̀pẹ, ó ń sunkún. Èkejì ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ló wu òun. Èmi tí ẹsẹ̀ mi kò kan ọ̀pẹ rí, ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára ju àwọn méjèèjì lọ. Fẹ̀yìn lé e. Mo máa ń sọ ọ́ sínú lójú oorun. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ gbìyànjú.

Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí igbà já. Ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé ìdáná ẹnìkan ni wọ́n fi gbé bàbá mi wálé. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Ó dìde, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé igbà tuntun wá fún un. Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì wà níbẹ̀ títí eruku fi bò ó.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé bàbá mi, tó máa ń kọrin lókè ọ̀pẹ tí gbogbo àdúgbò á máa dá a mọ̀, di ẹni tí kò gbà kí a gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù. Bí ọmọ aládùúgbò bá gun máńgòrò, á jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń sá, ó ń fa gbogbo wa lọ́wọ́ sá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun, ó pe gbogbo wa jọ. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá rí ẹsẹ̀ ọmọ mi kan tó kúrò n'ulẹ̀, ọjọ́ náà ni mi ò bí i mọ́."

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ lásán. A lọ jẹun.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ni wọ́n fún mi láti kà. Kì í ṣe èyí tí mo béèrè fún. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Ìwópin ni, létí ọ̀sà, ìjọ Aládùúrà sì ni. Nínú ìjọ tirẹ̀, wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà, nítorí náà àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yìí le ju bàtà tèmi lọ. Òun ló fi fídíò náà hàn mí lórí fóònù. Àwọn ènìyàn kan ń gun àpáta tó dúró ṣánṣán lórí òkun, kò sí okùn, kò sí nǹkan kan lára wọn, ìsàlẹ̀ wọn sì jẹ́ omi jíjìn. Bí ọwọ́ bá yọ̀, omi ni wọ́n ń bọ́ sí, wọ́n á sì wẹ̀ jáde, wọ́n á tún lọ.

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ń ṣe eré tí à ń ṣe lórí igi àgbọn nílé wa."

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo tún un wò, mo tún un wò, títí bátìrì fi kú. Ohun tí mo rí níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kò lè rí i. Mo rí ẹni tó já bọ́ láti ibi gíga, tí kò sì sí ẹni tó ń yọ ilẹ̀kùn láti fi gbé e.

Kúárì kan wà láàárín Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n ti fọ́ òkúta níbẹ̀ títí, tí wọ́n sì pa á tì. Omi òjò ti kún ibẹ̀. Olùkọ́ wa kó wa lọ wo òkúta rẹ̀ nígbà kan, ó ń sọ̀rọ̀, èmi ń wo ògiri òkúta tó yọ gọngọ sókè láti inú omi, tó ga tó ilé alájà méjì, tí pàlàpálá kan sì là á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ mi. Ó wo òkúta, ó wò mí. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, igbó la ní.

Nítorí náà, ní ìsinmi, Ìwópin ni mo lọ. Mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ kàwé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, irọ́ náà kò sì pọ̀ jù. Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi, tó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà, ló la ọ̀nà fún mi. Ó ní kí wọ́n má ì tíì kọ́ mi ní ìwẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi bí a ṣe ń ṣubú. "Ìwẹ̀ kì í dẹ́rù ba ènìyàn," ó ní, "ìṣubú ni." Wọ́n mú mi lọ sídìí àgbọn kan tó tẹ̀ sórí omi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bẹ́, àyà ni mo fi lu omi, ó pọ́n bí epo fún ọjọ́ méjì. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Mo padà gun àgbọn náà. Ní ọjọ́ kẹta, mo ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń so pọ̀, ọwọ́ á lẹ̀ mọ́ ìhà, ojú á wo iwájú, imú á máa fẹ́ atẹ́gùn jáde. Ìwẹ̀ tẹ̀lé e láìpẹ́.

Ẹsẹ̀ mi ti kúrò nílẹ̀. Mo ronú kan bàbá mi lórí igi àgbọn yẹn, mo sì tún bẹ́.

Nígbà tí a padà sí Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan òkúta kúárì náà títí a fi wọn omi rẹ̀. Òfin àwọn ará etí omi ni: omi tí o kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀tá ni. A so òkúta mọ́ okùn, a ń jù ú sínú omi láti ẹsẹ̀ bàtà kan sí èkejì. A rí ibì kan tí irin ẹ̀rọ àtijọ́ wà nísàlẹ̀, a fi kẹ́ẹ̀gì òróró òfìfo ṣe àmì síbẹ̀ kí a má baà bọ́ sí i. Lábẹ́ pàlàpálá náà gan-an, okùn wa tán láìkan ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni tiwa. Kẹ́ẹ̀gì kejì ni ẹni tí kò bá gùn yóò máa dì mú nínú omi, tí yóò fi dúró de ẹni tó ń gùn.

Ṣòkòtò gígùn ni mo máa ń wọ̀, mo sì so ìborùn mi mọ́ ẹ̀yìn ọrùn dáadáa. A lọ ṣọ́ọ̀kì kíláàsì kúnná fún àtẹ́lẹwọ́ wa, ó di ẹ̀kọ lẹ́yìn ìṣubú àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì ni ìṣòro mi. Ìṣòro mi ni bàbá mi. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rù bá bà mí lára òkúta, ara mi á fẹ̀yìn, bí ẹni pé igbà wà níbẹ̀. Màá sì já bọ́. Ọ̀rẹ́ mi á máa pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Fi àyà kàn án! Sún mọ́ ọn! Kí lo ń sá fún?" Kò yé e. Kì í ṣe pé mò ń sá. Ìgbọràn ni. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ìṣubú kí n tó bọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀pẹ kúrò lára, kí n sì kọ́ láti dì mọ́ òkúta bí ọmọ ṣe ń dì mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Pàlàpálá náà rọrùn títí dé àárín. Lẹ́yìn náà, òkúta yọ ikùn síta. Ibi ikùn yẹn la ti máa ń já bọ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kò burú, eré ni. Èmi kò ṣe eré. Mo fẹ́ dé òkè.

Ọlọ́kadà kan láti àdúgbò wa ló rí wa, ó sì lọ sọ ọ́ fún bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo délé ní ọjọ́ Sátidé, ìyá mi ń dín gàrí, kò wo ojú mi. Bàbá mi jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ètirí?" ó ní, ó ń bi mí ìdí rẹ̀. "Ètirí tí wọ́n fi rí ọmọ mi l'óri òkúta, lókè omi?"

"Bàbá, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Omi ibẹ̀ jìn. A ti wọ̀n ọ́n."

"Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ."

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ níbẹ̀, kí n bẹ̀bẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. N kò kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ ló ṣe yín léṣe, omi kọ́. Ẹ sì ti fi ẹsẹ̀ tiyín so ti gbogbo wa."

Ọwọ́ ìyá mi dúró nínú agbada gàrí. Bàbá mi wá ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "O ti gbọ́ ohun tí mo sọ nígbà yẹn. Bí o bá tún gun òkúta yẹn, má pè mí ní bàbá mọ́."

Mo kó ẹrù mi, mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí dé gáréèjì. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkúta ni ọkàn mi. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ràn sí ẹ̀rù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé màá máa gbọ́ràn sí i títí ọjọ́ alẹ́ mi, màá sì kọ́ àwọn ọmọ mi. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ sí kúárì.

Oòrùn mú díẹ̀, òkúta gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi wà nínú omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Mo ti gùn dé abẹ́ ikùn òkúta nígbà tí mo gbọ́ ìró ọkadà ní òdìkejì. Ohùn ń rìn dáadáa lórí omi kúárì. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe pa ẹ́ńjìnì. Mo gbọ́ ọ̀pá bàbá mi lórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Sọ̀kalẹ̀!" ó pariwo. "Sọ̀kalẹ̀ s'ulẹ̀!"

"Kò sí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀, Bàbá!" Òótọ́ ni mo sọ. Láti ibẹ̀, o kò lè rí ibi tí ẹsẹ̀ ti wá. Òkè wà, omi wà. Kò sí ìkẹta.

Ìka mi ti ń rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá mi rí i. Akọpẹ á rí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n láti òkèèrè. Nígbà tó tún lanu, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ohùn ẹ̀yìn ilé ni, ohùn ọ̀pẹ kúkurú, tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí igbà ti já. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

"Má dì mọ́ ọn! Fẹ̀yìn lé e! Fẹ̀yìn lé e, ọmọ mi!"

Ara mi gbọ́ kí n tó gbọ́. Mo fẹ̀yìn lé e. Kò sí igbà níbẹ̀.

Mo ráyè so ẹsẹ̀ mi pọ̀. Omi gbà mí, ó tutù nísàlẹ̀, ó ṣókùnkùn, mo tapá, mo yọrí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín. Mo wo òdìkejì, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Bàbá mi wà nínú omi. Bàbá mi tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ kan ààbọ̀, ti wọ omi dé ìbàdí pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ọlọ́kadà tó fẹjọ́ mi sùn di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú, òun sì ń ké pé, "Èmi ni mo pa á! Èmi ni mo pa á o!"

"Bàbá! Mi ò kú o!"

Mo wẹ̀ lọ bá a. Ó di ojú mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tó ti fọ́. Kò rí i.

"Kò sí igbà níbẹ̀," ó ní.

"Kò sí, Bàbá."

Ó tún un sọ sínú ara rẹ̀, bí ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Ọlọ́kadà ní kí a máa lọ sílé. Mo mọ̀ pé bí mo bá tẹ̀lé wọn lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bàbá mi ló borí, ìṣubú yẹn ni wọn yóò sì máa sọ nípa mi títí. N kò bẹ̀ ẹ́, n kò tọrọ àyè. Mo yí padà, mo wẹ̀ lọ sídìí pàlàpálá, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Mo dé abẹ́ ikùn òkúta. Mo fi àyà kàn án. Ẹsẹ̀ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo gbọ́ ọ láti òdìkejì, "Fẹ̀—", lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo yọjú wò láti abẹ́ apá. Bàbá mi ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó dì í pa, bí a ṣe ń di ẹnu ọmọ tó fẹ́ sọ àṣírí.

N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti fún mi ní ẹ̀bùn tó tó ìyẹn. Mo dì mọ́ òkúta. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì sókè sí ibì kan tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, mo tẹ̀ ẹ́, ó gbà mí. Ọwọ́ mi kan etí òkè, ó rí koríko dì mú. Mo fa ara mi gòkè, mo dojúbolẹ̀ níbẹ̀, mò ń mí.

Ohùn ń rìn lórí omi. Mo gbọ́ ọlọ́kadà náà, tó ń fi ẹnu ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ta ló bí èyí gan-an?"

Mo dúró de ìdáhùn náà.

"Èmi," bàbá mi ní. "Èmi ni mo bí i."

Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà lẹ́yìn òkúta náà, tí mo lè gbà sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ bá wọn. Mo dìde. Mo lọ sí etí rẹ̀ kó lè rí mi dáadáa, mo so ẹsẹ̀ mi pọ̀, mo sì bẹ́.